Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Fi Ìrìn Àjò Ọkọ̀ Ojú Omi Wá Ilé Ìfẹ̀yìntì Létí Omi: Great Loop Ni Màá Fi Ṣàpẹẹrẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń múra ìfẹ̀yìntì, tẹ́ ẹ sì ní bóòtù tó tóbi tó láti máa sùn nínú ẹ̀, mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn púpọ̀ nínú yín ni pé kẹ́ ẹ kàn máa rọra lọ lójú omi, ibi tó bá ti wù yín kẹ́ ẹ ra ilé síbẹ̀. Kò burú o, àmọ́ ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Great Loop ni màá fi ṣàlàyé torí pé kò sí irú omi tẹ́ ò ní bá pàdé lórí ẹ̀. Ọ̀nà omi tó yí gbogbo apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ká ni, nǹkan bí 6,000 máìlì. Ẹ máa gba etíkun Florida gòkè lọ sí Georgia, Carolina méjèèjì, Chesapeake, dé New York, kẹ́ ẹ gba Erie Canal wọ àwọn adágún ńlá, kẹ́ ẹ já sí Chicago, kẹ́ ẹ wá máa tẹ̀lé odò wálẹ̀ dé Mobile ní Alabama, kẹ́ ẹ sì padà sí Florida. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo nǹkan bí ọdún kan lórí ẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo ìyókù dúró lé, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣètò ìrìn àjò yẹn. Ìgbà òtútù á bá yín ní Florida, ìgbà tí òdòdó ń yọ á bá yín ní Carolina, ìgbà ooru á bá yín ní Michigan, nígbà tí ewé bá fi máa pọ́n ẹ ti wà ní Tennessee. Ìyẹn ni pé ìlú tẹ́ ẹ bá dé, ọjọ́ tó wọ aṣọ ìnáwó lẹ máa bá a. Ẹ ò ní rí Florida lóṣù kẹjọ tí ooru ń bo èèyàn mọ́lẹ̀ tí ìjì sì ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ò ní rí Michigan lóṣù kejì tí omi ti dì gbagidi. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ìrìn àjò yẹn bá yín yan ìlú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó bá yín buwọ́ lùwé.

Kẹ́ ẹ tó tú okùn

Ẹ jókòó, ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín, kí oníkálukú mú bébà tiẹ̀, kó kọ nǹkan márùn-ún tí òun ò lè fi sílẹ̀ láìwo ti ẹnì kejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ìjà ń pamọ́ sí. Bàbá á kọ omi jíjìn àti ibi ìpẹja, ìyá á kọ ilé ìwòsàn àti ibi ìjọsìn, á tún kọ ọ́ pé kí pápá ọkọ̀ òfúrufú má jìnnà torí àwọn ọmọ ọmọ. Ẹ jà á tán nílé, kó má di pé iwájú éjẹ́ǹtì tó ń ta ilé lẹ ti máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jà.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọn bóòtù yín: bó ṣe gùn tó, bó ṣe rì sínú omi tó, àti bó ṣe ga tó lókè omi. Gíga yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí afárá kan wà lápá Chicago tí ò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè fi yà fún un tẹ́ ẹ bá fẹ́ yípo ọ̀hún pé, àyè abẹ́ ẹ̀ ò ju bíi 19 ẹsẹ̀ bàtà àtààbọ̀ lọ. Àwọn onígbòkun máa ń yọ òpó wọn lélẹ̀ kí wọ́n tó kọjá. Nọ́ńbà mẹ́ta yìí náà lẹ máa fi yẹ ilé wò. Ilé tó wù yín, àmọ́ tí bóòtù yín ò lè dé ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Owó náà, ọ̀nà méjì ni kẹ́ ẹ pín in sí. Owó tẹ́ ẹ máa fi ra ilé wà lọ́tọ̀, owó tí ilé yẹn á máa jẹ lọ́dọọdún wà lọ́tọ̀, èyí ẹ̀yìn yìí gan-an ló sì ń lé àwọn arúgbó kúrò létí omi: owó orí, ìnṣọ́ránsì ilé, ìnṣọ́ránsì omíyalé tó dá dúró lọ́tọ̀, owó ẹgbẹ́ onílé, àtúnṣe jẹ́tì (ìyẹn ibi tẹ́ ẹ máa so bóòtù mọ́), àtúnṣe ògiri etí omi, ká má tíì wá dárúkọ ìnṣọ́ránsì bóòtù fúnra ẹ̀.

Níbi tó bá wù yín, ẹ dúró pẹ́

Màrínà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń gbé bóòtù sí, máa ń gba owó lálaalẹ́, wọ́n ń gba ti ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń gba ti oṣù, tẹ́ ẹ bá pín owó oṣù sí ọjọ́ ọjọ́ ẹ máa rí i pé ó dín gan-an sí ti alaalẹ́. Ìlú tó bá ti wọ̀ yín lójú, ẹ san ti oṣù, kẹ́ ẹ máa gbé ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ẹ lọ ra òògùn, ẹ lọ gẹrun, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa dá yín lóhùn. Ẹ rẹ́ǹtì mọ́tò kẹ́ ẹ wa á láti àdúgbò yẹn lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà ọkàn, kó sì jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí gósìlóò wà. Tó bá jẹ́ afárá kan ṣoṣo ló wọ erékùṣù náà, tó sì jẹ́ èyí tó ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi, ẹ rò ó wò pé áḿbúláǹsì náà á dúró níbẹ̀.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ so bóòtù mọ́ jẹ́tì, wọ́n mọ nǹkan tí éjẹ́ǹtì ò ní sọ. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ibí dáa, torí gbogbo èèyàn ló máa ní ó dáa. Ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ̀gbọ́n, ìjì tó kọjá yẹn, ibo lomi dé nílé yín?" Kí wọ́n nawọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n léèyàn mélòó ló ti kó lọ láàárín ọdún méjì àti ìdí tí wọ́n fi kó lọ. Ẹni tó ń tún jẹ́tì ṣe ládùúgbò náà, ẹ fún un ní kọfí kan, á sọ ògiri ẹni tó máa tó wó fún yín.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ilé á dúró dè yín

Ẹni tó gba títì wá, iwájú ilé ló ń rí, pẹ̀lú òdòdó àti ọ̀dà tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba omi wá, ẹ̀yìn ilé lẹ̀ ń rí, ibẹ̀ sì ni gbèsè wà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àǹfààní yẹn kọjá lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bí omi ṣe ń kún tó sì ń fà. Létíkun Georgia, láàárín ìgbà tómi kún àti ìgbà tó fà, ó lè tó 7 sí 9 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ sì ni. Ẹ̀yìnkùlé tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ tí omi ń tàn yinrin, nígbà tó bá fi máa dọ̀sán ó ti di ẹrẹ̀ dúdú, bóòtù onílé á ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó ilé, ìgbà tómi kún ni wọ́n yà á, ẹ lè fọkàn sí ìyẹn. Tómi bá ti fà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ wọ bóòtù kékeré yín, ẹ mú ọ̀pá gígùn tẹ́ ẹ ti sàmì ẹsẹ̀ bàtà sí lára, kẹ́ ẹ máa wọn omi láti ojú ọ̀nà ńlá títí dé jẹ́tì náà. Ibi tí omi bá ti tẹ́ jù lójú ọ̀nà yẹn, òun lòdiwọ̀n ilé náà, ì báà jẹ́ pé ìdí jẹ́tì jìn bíi kànga. Ọ̀sẹ̀ tí oṣù bá ràn mọ́jú tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, torí ìgbà yẹn lomi ń fà jù tó sì ń kún jù. Ìgbà tó bá tún kún yẹn, ẹ lọ wo títì iwájú ilé, bóyá omi ti gba inú gọ́tà jáde sójú ọ̀nà láìsí òjò. Nílùú bíi Charleston àti Miami, kì í ṣe tuntun mọ́.

Ó kan ògiri etí omi. Ẹ sún mọ́ ọn débi tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn án. Tí kọnkéré orí ẹ̀ bá ti là, tí omi ìpẹtà pupa sì ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú ibi tó là, irin inú ẹ̀ ti ń jẹra nìyẹn. Ẹ wò ó láti igun kan dé èkejì, ṣé ó ṣì dúró gbọnrangandan àbí àárín ẹ̀ ti yọ ikùn sómi? Ẹ tún wo koríko ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá ti rì ní kòtò kòtò, ilẹ̀ ló ń gba abẹ́ ògiri yọ́ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣírò owó ògiri tuntun, ti ilé kan ṣoṣo sì lè jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá dọ́là. Ẹni tó bá bá yín yẹ ilé wò kì í wọ abẹ́ omi o, ẹ gba ẹlòmíì lọ́tọ̀ tó mọ iṣẹ́ jẹ́tì àti ògiri, tó lè mòòkùn wò ó.

Lára òpó jẹ́tì, ẹ máa rí ibi tí ìkarahun lẹ̀ mọ́ dé, ibẹ̀ ni omi ojoojúmọ́ ń dé, kẹ́ ẹ wá fojú wọn ìyẹn pẹ̀lú ilẹ̀ pálọ̀. Nínú gáréèjì ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Tí ọ̀dà bá tuntun láti ilẹ̀ dé ìbàdí, tókè ṣì jẹ́ ti àtijọ́, ẹ mọ̀ pé omi ti ṣe àlejò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ dákọ̀ró sítòsí kẹ́ ẹ sùn, tí òfin ibẹ̀ bá gbà. Ọ̀sán Sátidé lẹ máa mọ̀ bóyá àwọn ọmọ kan ń fi bóòtù sáré kọjá tí ìgbì fi ń gbá gbogbo jẹ́tì. Òru lẹ máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojúirin àti orin láti ilé ọtí. Òórùn náà ò gbẹ́yìn. Lápá ìwọ̀ oòrùn Florida, omi pupa tí wọ́n ń pè ní red tide máa ń pa ẹja, á sì máa mú èèyàn wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni omi tí wọ́n ń tú jáde látinú adágún Okeechobee máa ń gba odò Caloosahatchee àti St. Lucie kọjá, nígbà ooru 2018 ewéko eléwu bo ojú omi méjèèjì, red tide sì wà létíkun lọ́dún kan náà. Tẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lóṣù kejì, ẹ lè má rí nǹkan kan.

Ti afárá, kúkúrú ni: lójú ọ̀nà ńlá Intracoastal, ìyẹn ọ̀nà omi tó gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú afárá tí kì í ṣí ga tó 65 ẹsẹ̀ bàtà, àfi Julia Tuttle ní Miami tó jẹ́ 56. Ìṣòro wà nínú kànáàlì àdúgbò, níbi tí afárá kékeré kan ti lè sé yín mọ́lé. Ní Cape Coral tó ní kànáàlì tó lé ní 400 máìlì, àwọn kan nínú ẹ̀ ò já sókun rárá, àmọ́ "létí omi" náà ni wọ́n máa kọ sínú ìpolówó ẹ̀.

Ibì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wàhálà tiẹ̀

Lórí àwọn adágún ńlá kò sí pé omi ń kún ó ń fà lójoojúmọ́, inú àwọn èèyàn á dùn, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Irọ́ ni. Àárín ọdún mélòó kan lomi ibẹ̀ ń lọ sókè sódò. Láàárín ìgbà tí Michigan àti Huron kún jù lóṣù kẹwàá 1986 àti ìgbà tí wọ́n gbẹ jù lóṣù kìíní 2013, ó lé ní 6 ẹsẹ̀ bàtà, ìgbà tó sì fi máa di 2020 omi ti tún ga padà débi pé ó ń jẹ ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn. Torí náà, ọdún tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín, ẹ béèrè ọdún méjèèjì yẹn. Ẹ tún béèrè ẹni tó máa gbé bóòtù yín sókè kí yìnyín tó dì.

Odò Tennessee ni èmi fúnra mi fẹ́ràn jù fún àgbàlagbà, kò sí họ́ríkéènì tó ń ti òkun wọlé, ìpínlẹ̀ Tennessee ò sì ń gba owó orí lórí owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Àmọ́ TVA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, ló ń darí omi yẹn, wọ́n máa ń dín in kù nígbà òtútù, Kentucky Lake á sọ̀ kalẹ̀ láti 359 sí nǹkan bí 354 ẹsẹ̀ bàtà, tá a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun. Èyí tó lágbára jù ni pé ilé lè wà lẹ́bàá omi kó má ní ẹ̀tọ́ jẹ́tì rárá, torí ní ọ̀pọ̀ ibi TVA ló ni ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ tó wà láàárín ilé àti omi. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín bá yín rí ẹ̀tọ́ yẹn nínú ìwé ilé, kó sì wo ìwé àṣẹ TVA tó wà fún jẹ́tì tó wà ńbẹ̀.

Carolina àti Chesapeake, àwọn ìlú kéékèèké bíi Oriental àti Beaufort, àwọn oníbóòtù ti kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, wọ́n sì lọ́yàyà. Àmọ́ àwọn odò fẹ̀ tí wọn ò jìn, afẹ́fẹ́ lè ti omi gòkè lọ bá ilé tó jìnnà sókun, ohun tí ìjì Florence ṣe ní New Bern ní 2018 nìyẹn.

Ìwé àti owó

Kẹ́ ẹ tó fẹnu kan iye tẹ́ ẹ máa san, ẹ wá àdírẹ́sì ilé náà lórí máàpù omíyalé ti FEMA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà A tàbí V, ó túmọ̀ sí pé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, àyè 1% wà pé omi máa wọlé. Ó lè dà bíi pé ó kéré, àmọ́ téèyàn bá kó o jọ fún 30 ọdún, ó ń lọ sí 26%. Ti V burú ju ti A torí ìgbì wà nínú ẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé, ti ìjọba àpapọ̀ sì ní òté, kò ju $250,000 lọ lórí ilé àti $100,000 lórí ẹrù, ẹ sì máa dúró 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyàfi tẹ́ ẹ bá rà á mọ́ owó yíyá tẹ́ ẹ fi ra ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé fún ìwé tó fi gíga ilẹ̀ ilé hàn. Ẹ sì gba iye tí ìnṣọ́ránsì máa jẹ ní kíkọ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì lè fà sẹ́yìn.

Ilé àtijọ́ tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí owó ẹ̀ fani mọ́ra, ẹ ṣọ́ra fún un. Nínú zone omíyalé, tí àtúnṣe bá ti tó ìdajì iye tí ilé náà tó láìka ilẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di ti òde òní, ìyẹn lè túmọ̀ sí gbígbé e sókè lórí òpó.

Owó orí tí onílé ń san ní Florida, ẹ má fi ṣèṣirò tiyín. Òfin ibẹ̀ ò jẹ́ kí iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí ẹni tó ń gbé ilé ara ẹ̀ ga ju 3% lọ lọ́dún, àmọ́ tí ilé bá ti yí ọwọ́ padà, wọ́n á tún un ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún 20 ọdún lè máa san ìdajì ohun tẹ́ ẹ máa san.

Tó bá jẹ́ condo, ìyẹn fúláàtì tí oníkálukú rà nínú ilé ńlá kan, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ilé náà àti owó tó wà nílẹ̀ fún àtúnṣe. Lẹ́yìn tí Champlain Towers South wó ní Surfside lóṣù kẹfà 2021, tí èèyàn 98 kú, Florida ṣe òfin ní 2022 pé kí wọ́n máa yẹ àwọn ilé alájà mẹ́ta sókè wò tí wọ́n bá ti dàgbà, kí ẹgbẹ́ onílé sì máa tọ́jú owó sílẹ̀. Èyí ti mú kí owó tuntun já lé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lórí. Ẹ ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún méjì fún yín, ẹ kà á tán.

Ara ń dàgbà, ẹ má tan ara yín

Ilé tí wọ́n gbé sórí òpó kò bẹ̀rù omi, àmọ́ ta ló máa gba àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú eékún tó ń dunni? Ẹ wò ó bóyá àyè wà fún ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè, àti bóyá ẹnu ọ̀nà gba àga onítáyà. Jẹ́tì tó ń léfòó dáa ju èyí tó dúró lójú kan fún àgbàlagbà, torí á máa bá bóòtù gòkè sọ̀kalẹ̀, ẹ ò ní máa fò. Ẹ ka ilé náà bíi pé ẹ ti ta bóòtù: ṣé ẹ ṣì máa fẹ́ máa gbé ibẹ̀?

Medicare àtilẹ̀wá, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ń ṣiṣẹ́ níbikíbi lórílẹ̀-èdè náà tí dókítà bá ti gbà á, àmọ́ Medicare Advantage, èyí tó ń gba ọwọ́ iléeṣẹ́ aládàáni, ní àgbègbè tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò ládùúgbò ètò yín, wọ́n á fún yín ní àsìkò díẹ̀ láti pààrọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Ẹ padà wá lásìkò tí kò dáa

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti so bóòtù, ẹ fi mọ́tò padà sí ìlú méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ yàn. Florida àti Carolina, ẹ lọ láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, àárín àsìkò họ́ríkéènì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní June 1 tó ń parí ní November 30. Michigan, ẹ lọ lóṣù kejì. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ rẹ́ǹtì ilé fún ọdún kan gbáko kẹ́ ẹ tó rà, kẹ́ ẹ má sì ta èyí tẹ́ ẹ ní nílé. Àwọn kan á ní owó ń ṣòfò. Owó rẹ́ǹtì ọdún kan lè má tó owó tẹ́ ẹ máa pàdánù tẹ́ ẹ bá tún ní láti ta ilé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Tó bá wá tó àkókò ìbuwọ́lùwé tẹ́ ẹ ṣì wà lójú omi, ẹ bi lọ́yà yín bóyá ìpínlẹ̀ yẹn gba kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ fún ẹnì kan láṣẹ ní kíkọ. Nọ́ńbà àkáǹtì tẹ́ ẹ máa sanwó sí, ẹ má gbà á látinú ímeèlì láéláé, ẹ pe ọ́fíìsì wọn lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n kà á fún yín, torí àwọn gbájúẹ̀ ń dúró de irú ọjọ́ yẹn. Kẹ́ ẹ tó gbé bóòtù wá sí jẹ́tì tuntun, ẹ pe oníìnṣọ́ránsì bóòtù, ẹ sọ ibi tó máa wà lásìkò ìjì fún un, torí púpọ̀ nínú wọn ò ní san kọ́bọ̀ tí ìjì bá bá a níbi tí wọn ò fọwọ́ sí.